Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìbéèrè Ọ̀rọ̀ Ìlú Nínú Ìdánwò

Lásìkò tí ìdánwò ìgbaniwọlé tàbí ti ìgbanisíṣẹ́ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, agbára káká ni wàá fi gba ẹnu géètì Yunifásítì Adékúnlé Ajásin kọjá ní Àkùngbá láìjẹ́ pé ẹnìkan na ìwé pélébé kan sí ọ. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tòkọ́pì ló ń dì í. Ìbéèrè àti ìdáhùn ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: ta ni gómìnà, ta ni adájọ́ àgbà, ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ló wà ní Nàìjíríà. Ìwé náà kì í wọ́n, ó sì ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí mo ní sí i ni pé kì í sábà ní ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lára. Èyí tí wọ́n dì lọ́dún yìí àti èyí tí wọ́n dì ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, èèpo kan náà ni wọ́n ń wọ̀.

Nítorí náà, dán ìwé náà wò kí o tó sanwó. Ṣí i sí ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ṣe orin orílẹ̀-èdè wa. Bó bá jẹ́ Benedict Odiase nìkan lo bá níbẹ̀, ìwé ọjọ́ pípẹ́ ni. Odiase, olórí ẹgbẹ́ akọrin ọlọ́pàá nígbà náà, ló ṣe ohùn orin tí a ń kọ láti 1978 títí di 2024. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó dá orin òmìnira 1960 padà. Lillian Jean Williams ló kọ ọ̀rọ̀ tìyẹn, Frances Benda ló sì ṣe ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo owó oṣù tó kéré jù lọ. 18,000 náírà jẹ́ ti 2011, 30,000 jẹ́ ti 2019, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024 ló sì sọ ọ́ di 70,000. Paríparì rẹ̀, wo orúkọ iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Láti oṣù kẹjọ 2019 ni òfin ti yí Nigerian Prisons Service padà sí Nigerian Correctional Service. Ìwé tó bá fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kì í fi í ṣe atọ́nà.

Kì í ṣe pé kí o wá dáná sun ún o. Ọdún tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ kò ní kúrò ní 1914 láéláé. Ọjọ́ tí olú ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Abuja kò ní yẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991. Ìpínlẹ̀ 36, ìjọba ìbílẹ̀ 774, sẹ́nétọ̀ 109, aṣojúṣòfin 360: àfi bí wọ́n bá tún ìwé òfin ṣe ni àwọn wọ̀nyí tó lè yí. Fi bírò aláwọ̀ dúdú fa ìlà sábẹ́ irú wọn. Àwọn yòókù, ìyẹn gbogbo ohun tó bá ní orúkọ ẹni tó wà lórí oyè tàbí iye owó nínú, fi pupa yí wọn po. Àwọn oní-pupa yìí ni orí yìí dá lé.

Níbo ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀?

Jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀, nítorí àwọn òbí máa ń da á pọ̀. UTME tí JAMB ń ṣe kò ní bébà fún ọ̀rọ̀ tó ń lọ. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì pére lo ní. Ẹni tó bá mú Government níbẹ̀ lè kan irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fi kórẹ́ǹtì àfíásì yẹ èèyàn wò gan-an ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ṣe lẹ́yìn UTME, ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀, ti ọlọ́pàá, ti NDA ní Kaduna, àti ti àjọ tó ń gba èèyàn sí Civil Defence, Correctional, iléeṣẹ́ panápaná àti Immigration.

Èrò tó ń wá irú iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ju ohun tí a lè fẹnu sọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2014, iléeṣẹ́ Immigration kó àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè láti ṣe ìdánwò. Èrò tẹ ara wọn pa ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin, àwọn tó kú sì lé ní mẹ́wàá. Nísinsìnyí, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì pín èrò sí ìsọ̀rí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n fi ń já èèyàn jù níbẹ̀. Gbogbo yín lẹ ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ní tòótọ́ láàárín yín kò pọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Má bẹ̀rẹ̀ láti Abuja. Bẹ̀rẹ̀ láti Àkókó. Ìdí ni pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ kì í tètè sá kúrò lórí, wàá sì rí i pé ìbéèrè orílẹ̀-èdè tó le jù máa ń ní ẹ̀ka kan nítòsí ilé.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà ní Àkókó, nínú 18 tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ní. Àríwá Ìlà-Oòrùn fi Ìkàrẹ́ ṣe ibùjókòó, Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn fi Òkèàgbè, Gúúsù Ìlà-Oòrùn fi Ìsùà, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn fi Ọ̀kà. Àkùngbá wà lábẹ́ ti Ọ̀kà. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ka olú ìlú gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí, àmọ́ tí kò mọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé nínú mẹ́rin yìí. Bí wọ́n bá bi í níwájú ìgbìmọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ní Àkúrẹ́, ojú á tì í ju kó pàdánù máàkì lọ.

Wá gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò: ta ni gómìnà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó? Ìdáhùn mẹ́ta ló wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tó bá tẹ̀lé e ló ń yan èyí tó tọ́. Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, Ita David Ikpeme sì ni gómìnà ológun àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní "tí a dìbò yàn", Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1979. Bí wọ́n bá sì ní "tí a dìbò yàn lẹ́yìn tí Èkìtì yọ", ọ̀rọ̀ ti kan Àkùngbá nìyẹn: Olóyè Adébáyọ̀ Adéfaratì, ọmọ ìlú yìí, tó gorí àlééfà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999. Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996. Ẹni tó bá kàn há orúkọ Ajásin sórí á gba ọ̀kan, á sì pàdánù méjì.

Yunifásítì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa náà ní irú ìdẹkùn bẹ́ẹ̀. Ní 1982, ìjọba Ajásin dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, kó tó di Ondo State University. Bẹ́ẹ̀ ni, Adó ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn. Ifẹ̀ kò jẹ́ ẹ títí di 1987, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ papò dà. Nígbà tí Èkìtì yọ, ilé ẹ̀kọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, Oǹdó sì ní láti wá ibòmíràn dá tirẹ̀ sí. Lábẹ́ Adéfaratì, ní 1999, ó wá sí Àkùngbá. Ní 2004 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Ajásin. Bí o bá rí 1982, 1999 àti 2004 nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n kó sílẹ̀ fún ọ, má gbọ̀n. Padà lọ ka ìbéèrè náà: ṣé ìdásílẹ̀ ti Adó ni wọ́n ń wí ni, àbí wíwá sí Àkùngbá, àbí ìsọlórúkọ?

Orúkọ yunifásítì tilẹ̀ ń yí padà lemọ́lemọ́ ní Nàìjíríà. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Òkìtìpupa ti ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu báyìí. Ti Abuja ti di Yakubu Gowon, ti Maiduguri sì di Muhammadu Buhari lẹ́yìn tí ààrẹ àná náà kú ní London ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025. Ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún un.

Kí ló dé tí a fi ń dìbò gómìnà lọ́tọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí o mọ̀ dé gbòǹgbò, torí pé bí o bá mọ̀ ọ́n, ìbéèrè bí márùn-ún lo ti mọ̀. Ní oṣù kẹrin 2007, wọ́n kéde Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu pé òun ló wọlé ìdìbò gómìnà. Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò tó dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour gbé e lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà fà títí di ọjọ́ 23 oṣù kejì 2009, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Benin tó dá Mímìkò láre. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 24, ni wọ́n búra fún un. Ọjọ́ yẹn ni ọdún mẹ́rin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 24 oṣù kejì ni sáà gómìnà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó: Rótìmí Akérédolú ní 2017 àti 2021, Lucky Ayédatiwá ní 2025, lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2024 tó ti mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18.

Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ló wà nírú ipò yìí: Anambra, Bayelsa, Edo, Èkìtì, Imo, Kogi, Oǹdó àti Ọ̀ṣun. Wọ́n fẹ́ràn láti béèrè pé "èwo nínú ìwọ̀nyí ni kì í bá àwọn yòókù dìbò gómìnà?" Nísinsìnyí o mọ ìdí rẹ̀, o kò nílò láti há a sórí.

Ikú Akérédolú náà kọ́ wa ní ìwé òfin. Ní oṣù kejìlá 2023 ó kọ lẹ́tà ìsinmi ìtọ́jú, ìgbákejì rẹ̀, Ayédatiwá, sì di adelé. Nígbà tí gómìnà wá kú ní Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù náà, wọ́n búra fún adelé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà gan-an lọ́jọ́ kan náà. Abala 190 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ ti adelé, 191 ló sọ ti ipò tó ṣófo. Fún ààrẹ, 145 àti 146 ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Yar'Adua àti Jonathan ní 2010 fi rí bó ṣe rí: kò sí lẹ́tà, àwọn aṣòfin ló fọwọ́ ara wọn sọ Jonathan di adelé ní oṣù kejì, Yar'Adua kú ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, wọ́n sì búra fún Jonathan lọ́jọ́ kejì.

Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ìròyìn sílẹ̀ bó ṣe ń wọlé: òní báyìí, ọ̀la báyẹn. Bó bá di ọjọ́ ìdánwò, wọn kò ní rí ohunkóhun nínú ìwé ńlá náà. Ipò ni kí o fi tò ó, má fi ọjọ́ tò ó. Ipò kan, ojú ìwé kan. Má sì pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, torí wọ́n lè béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà ìdìbò ọdún báyìí. Bí ojú ìwé kan ṣe yẹ kó rí nìyí:

ALÁGA ÀJỌ ELÉTÒ ÌDÌBÒ, INEC
Attahiru Jega, 2010 sí 2015
Amina Zakari, adelé, 2015
Mahmood Yakubu, 2015 sí oṣù kẹwàá 2025. Ẹni àkọ́kọ́ tó lo sáà méjì pé
May Agbamuche-Mbu, adelé, oṣù kẹwàá 2025
Joash Amupitan: Ìgbìmọ̀ Council of State fọwọ́ sí i, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, ilé aṣòfin àgbà, ọjọ́ 16, ìbúra, ọjọ́ 23

Wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, olùdánwò sì lè béèrè èyíkéyìí. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn lọ́jọ́ 9 tó sì sáré kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di alága kò tíì gbọ́ ìròyìn tán. (Ọmọ Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní Kogi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Amupitan, aládùúgbò Àkókó, kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ nira fún wa láti rántí.) Bákan náà ni ti adájọ́ àgbà: Kúdíràtì Kẹ́kẹ́rẹ́-Ẹ̀kún di adelé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2024, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó búra fún un pátápátá. Obìnrin kejì ni. Aloma Mukhtar ni àkọ́kọ́, ní 2012.

Ipò bíi ogún tó fún ọ: ààrẹ àti ìgbákejì, olórí ilé aṣòfin méjèèjì, adájọ́ àgbà, gómìnà báńkì àpapọ̀, INEC, JAMB, àwọn olórí ọmọ ogun, ọ̀gá ọlọ́pàá, gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ àti ti ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Mínísítà yòókù, mọ̀ wọ́n bí àyè bá gbà ọ́. Àwọn tó máa ń ká èèyàn mọ́ jù ni olórí ọmọ ogun, torí ààrẹ lè fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pààrọ̀ wọn, bó ti ṣe ní oṣù kẹwàá 2025.

Òfin àti ìdájọ́ nílò ojú ìwé tiwọn. Kọ orúkọ òfin, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, àti ohun tó yí padà. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí NELFUND ń ṣe: òfin àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù kẹfà 2023, wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀: ọjọ́ 11 oṣù keje 2024. Òfin owó orí tuntun: ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2026 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ ìfọwọ́sí àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dẹkùn sí.

Ní ti òkèèrè, ohun tó kan Nàìjíríà ni kí o kọ́kọ́ mú. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975. Mali, Burkina Faso àti Niger jáde nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2025. Ngozi Okonjo-Iweala ló ń darí WTO láti 2021. Akínwùmí Adéṣínà fi báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà sílẹ̀ fún Sidi Ould Tah, ọmọ Mauritania, ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ní ti bọ́ọ̀lù, Super Falcons gba ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá wọn ní Rabat ní oṣù keje 2025. Ó tó.

Ibi tí wàá ti gbọ́ ọ

Rédíò kékeré tó ń lo bátìrì ṣì ni mo fara mọ́ jù, torí kì í jẹ dátà, kò sì bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí. Gbọ́ ìròyìn òwúrọ̀ kan àti ti alẹ́ kan. Ìwé ìròyìn The Hope tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló dára jù fún ọ̀rọ̀ Oǹdó. Bí owó kò bá sí, kò sẹ́ni tó ń lé èèyàn kúrò nídìí fẹ́ńdọ̀ ní Ìkàrẹ́ bí o bá ti kí i dáadáa kó o tó máa ka àkọlé. BBC Yorùbá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018 fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lédè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, nítorí náà kọ orúkọ àjọ àti ipò sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ìjọba ṣe ń kọ ọ́, má ṣẹ́ ẹ kúrú nìkan. Ẹni tó mọ INEC tí kò mọ ohun tí I náà dúró fún kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ní ti WhatsApp, mi ò ní kí o má kà á. Ohun tí mo ní ni pé kí o má kọ ohunkóhun láti ibẹ̀ sínú ìwé rẹ títí o fi máa gbọ́ ọ lórí rédíò tàbí kà á nínú ìwé ìròyìn méjì. Atẹ̀jáde tó sọ pé wọ́n ti yan báyìí, wọ́n ti yọ báyẹn, pọ̀ níbẹ̀ ju èyí tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ lọ.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò

Ka ìbéèrè tán kí o tó wo ìdáhùn. Wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí: lọ́wọ́lọ́wọ́, àkọ́kọ́, àti ọdún tí wọ́n bá dárúkọ. Bí wọ́n bá ní "ní 2020", ti 2020 ni kí o mú, kódà bí ẹni náà bá ti kúrò lórí oyè. Bí ìbéèrè bá jọ ti àtijọ́ tí kò sì sí ìdáhùn tuntun nínú mẹ́rin tí wọ́n tò sílẹ̀, a jẹ́ pé inú ìwé àtijọ́ ni olùdánwò ti rí i. Mú èyí tó bá ìgbà tirẹ̀ mu, má bá kọ̀ǹpútà jà. Ìbéèrè ọ̀rọ̀ ìlú kì í gba ìrònú gígùn: o mọ̀ ọ́n tàbí o kò mọ̀ ọ́n. Má lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí èyíkéyìí, kí o lè fi àyè tó kù ṣe ìṣirò.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, àwọn ojú ìwé oní-pupa nìkan ni kí o kà. Orí yìí náà ní ti oní-pupa nínú: Ayédatiwá, Amupitan, Kẹ́kẹ́rẹ́-Ẹ̀kún, Okonjo-Iweala, 70,000 náírà. Bí ìwé yìí bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdìbò 2027, jọ̀wọ́, yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò kí o tó gbà mí gbọ́.